Díẹ̀-Díẹ̀ Nimú Ẹlẹ́dẹ̀ Ń Wọgbà

Àwọn baba wa tó pa á lówe pé díẹ̀-díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà, ìkìlọ̀ ni wọ́n fi ṣe fún ẹni tó rí imú ẹran náà lẹ́nu ọgbà, tó fojú tín-ín-rín rẹ̀, tó ní imú lásán kò lè jẹ iṣu, títí ilẹ̀ ọjọ́ kan fi mọ́ tí odindi ẹlẹ́dẹ̀ ti dúró láàárín ebè. Ní Ìlọrin Afọ̀njá, ìlú àáfáà, ìlú ẹlẹ́ṣin, ẹlẹ́dẹ̀ kò wọ́pọ̀ lágbàlá ẹni, ṣùgbọ́n òwe rẹ̀ kò ṣàjèjì sí etí wa. Òun ni mo sì fẹ́ fi yẹ ọ̀rọ̀ kan tó ń jẹ mí lọ́kàn wò, èyíinì ni ti òṣìṣẹ́ tó ń sọ pé láti ọjọ́ Ajé títí dé ọjọ́ Ẹtì, òun kò ráyè ṣe eré ìdárayá.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bí ìjókòó ṣe wọ inú ayé wa. Kò sí ẹni tó jí lówùúrọ̀ ọjọ́ kan tó ní òun kò rìn mọ́. Nígbà tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ wa sílẹ̀ ní 1967, tí Ìlọrin di olú-ìlú rẹ̀, iṣẹ́ ìjọba pọ̀ sí i, ọmọ ahunṣọ àti ọmọ amọ̀kòkò sì ń jókòó sídìí tábìlì. Iṣẹ́ iyì ni, n kò bá a wí; ṣùgbọ́n ìyá tó ń gún amọ̀ ìkòkò ní àdúgbò Dáda kò nílò olùkọ́ eré ìdárayá, ọmọ rẹ̀ tó jókòó ti fáìlì ló nílò rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni ọ̀kadà dé, tó ń gbé wa láti ẹnu ọ̀nà dé títì. Kẹ̀kẹ́ Márúwá tẹ̀ lé e. Ó wá di pé ẹni tó ń gbé àdúgbò Tánkẹ̀ lè lọ sí ọ́fíìsì, kó dé, kó jẹun, kó sùn, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má sì rìn tó ìrìn tí bàbá rẹ̀ ń rìn kí oúnjẹ àárọ̀ tó jinná.

Ewu tó wà níbẹ̀ kì í ṣe àròsọ. Ní 1953, oníṣègùn Jerry Morris àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí jáde lórí àwọn òṣìṣẹ́ bọ́ọ̀sì alájà méjì ní Lọ́ńdọ̀nù. Awakọ̀ jókòó látàárọ̀ dalẹ́. Kọ̀ńdọ́kítọ̀ ń gun àtẹ̀gùn inú ọkọ̀ lọ sókè, ó ń sọ̀ kalẹ̀, kó lè já tíkẹ́ẹ̀tì fún èrò. Ọkọ̀ kan náà ni wọ́n jọ wà, síbẹ̀ àrùn ọkàn mú àwọn awakọ̀ ju àwọn kọ̀ńdọ́kítọ̀ lọ. Kọ̀ńdọ́kítọ̀ kò sì ya wákàtí kan sọ́tọ̀ fún ara rẹ̀. Inú iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ ni àǹfààní náà wà.

Ibí ni òwe náà ti yí ojú kejì padà sí wa, nítorí ọ̀nà tí àìrìn gbà wọlé náà ni ìrìn lè gbà wọlé. Ohun tó ń da ọ̀pọ̀ láàmú ni pé wọ́n fẹ́ kí odindi ẹlẹ́dẹ̀ wọgbà lọ́jọ́ kan. Ní àárọ̀ Sátidé, ẹni tó ti jókòó fún ọjọ́ márùn-ún gbáko á wọ pápá ìṣeré ìjọba, èyí tí wọ́n fi sọrí Rashidi Yekini tó jẹ góòlù àkọ́kọ́ fún Nàìjíríà nínú ìdíje Ife Àgbáyé ní 1994, á sì sáré bí ẹni pé òun gan-an ni Yekini. Nígbà tó bá di ọjọ́ Àìkú, orúnkún ti wú, a kò sì ní rí i níbẹ̀ mọ́ fún oṣù kan.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa fi ìṣẹ́jú 150 sí 300 ṣe eré ìdárayá tó mọ níwọ̀n, irú bíi rínrìn kánmọ́kánmọ́, lọ́sẹ̀. Tẹ́lẹ̀, wọ́n ní èyí tí kò bá tó ìṣẹ́jú 10 lẹ́ẹ̀kan kò sí nínú ìṣírò. Ní 2020 wọ́n mú òfin yẹn kúrò, bíńtín tí ènìyàn bá ṣe ti di èyí tí à ń kà. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lóòjọ́ ni 150 já sí fún ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún. Ẹni tó fẹsẹ̀ rìn lọ kírun àsùbá, tó gba ọ̀nà tó jìn bọ̀ kí oòrùn Ìlọrin tó gbóná, ti rí apá kan níbẹ̀. Ẹni tó sọ̀ kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ kí ó tó dé ibi iṣẹ́ ti rí òmíràn. Kí ó fi gbígbé ohun tó wúwo tàbí dídìde-lóṣòó kún un fún ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀. Ẹlẹ́jẹ̀ ríru gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bi dókítà rẹ̀ léèrè.

Àwa Yorùbá ní ìṣòro kan tí mo gbọ́dọ̀ dárúkọ. Bí ọ̀gá bá fúnra rẹ̀ dìde lọ mú fáìlì, a máa ń rò pé ó tẹ́. Bí ikùn rẹ̀ bá yọ síwájú, a ní ọlá ló dé. Kò tẹ́ o. Kí ó dìde, kí ó gun àtẹ̀gùn, kí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ rí i, kí òun náà lè kọ́ ọ.

N kò bá alábàárù ọjà Ìpàta sọ̀rọ̀, ẹni tó ń ru ẹrù láti òwúrọ̀ dìgbà tí wọ́n pe mọ̀gàríbà. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ fún un pé kí ó lọ sáré. Ibi ìbòòji, omi mímu àti ọjọ́ ìsinmi ni kí a bá a wá.