Òbí Kan Ṣoṣo àti Ẹ̀kọ́ Ọmọ Rẹ̀

Àwọn àgbà a máa wí pé ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí a bá bá ẹlẹ́rù tí ó dá wà lọ́nà, ṣé kí a fi í ṣẹ̀sín ni, tàbí kí a gbé e rù ú?

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa tí a ń múra láti di olùkọ́. Bí ọmọ ọdún 14 bá kùnà nínú ìdánwò, àṣẹ tí a sábà máa ń gbọ́ ni pé, “Lọ mú bàbá rẹ wá.” Ẹ̀gàn ni gbólóhùn yìí létí ọmọ tí bàbá rẹ̀ ti kú, tàbí tí ìyá rẹ̀ nìkan ń tọ́. Bí a bá sì pe ìpàdé àwọn òbí, àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ ni, nígbà tí ìyá náà wà ní ìsọ̀ rẹ̀ tí kò sí ẹni tí yóò bá a tajà. Bí kò bá wá, a ó ní kò náání ọmọ rẹ̀. A mọ̀ pé àwọn òbí aláìbìkítà wà. Ṣùgbọ́n wọ́n wà láàárín tọkọtaya pẹ̀lú.

Ọdún 1920 ni bàbá Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ kú, nígbà tí òun jẹ́ ọmọ ọdún 11. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ dá dúró lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì ń ṣiṣẹ́ láti fi sanwó rẹ̀, kí ó tó wọ Wesley College ní Ìbàdàn ní 1927 láti kọ́ iṣẹ́ olùkọ́. Ní oṣù Kìíní 1955, ìjọba rẹ̀ sọ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà. Owó kúrò lọ́rùn ọ̀pọ̀ opó. Ṣùgbọ́n kò sí ìjọba tí ó lè bá òbí béèrè lálẹ́ pé, “Kí ni ẹ kọ́ lónìí?”

Ìbéèrè yìí kò gba owó, kò sì gba ìwé kíkà. Ìyá tí kò mọ álífábẹ́ẹ̀tì lè ní kí ọmọ ṣí ìwé rẹ̀ fún òun. Ó sì lè dá ìkiri ọjà dúró fún un bí ìdánwò bá kù sí dẹ̀dẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ ọjọ́ ìdánwò fún un, bí kì í bá ṣe olùkọ́?

Ǹjẹ́, ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí a máa wí pé, “Mú òbí rẹ wá.” Ẹ jẹ́ kí a máa pe ìpàdé ní ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn ọjà. Bí ìyá kò bá sì lè wá bá wa, kí àwa tọ̀ ọ́ lọ ní ìsọ̀ rẹ̀. Ẹsẹ̀ olùkọ́ kò wúwo jù fún ìrìn bẹ́ẹ̀.