Òdòdó Yẹ Iwájú Ilé ní Ouagadougou: Èsì fún Àwọn Tó Ní Ilẹ̀ Gbẹ Jù

Ẹ̀yin ọmọ Odùduwà Atẹ̀wọ̀nrọ̀ tí òwò àti iṣẹ́ ọwọ́ gbé dé Ouagadougou, ìlú Mogho Naaba, ọba àwọn Mossi, ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ti fìdí múlẹ̀ láàárín wa débi pé ẹni tí ó bá jà á níyàn a dà bí aláìgbọ́n: wọ́n ní ilẹ̀ yìí gbẹ jù fún òdòdó, wọ́n ní ewéko níwájú ilé a máa fa ejò àti ẹ̀fọn, wọ́n sì ní ọgbà ọ̀ṣọ́ jẹ́ ti òyìnbó olówó, nítorí náà, kí onílé da sìmẹ́ǹtì bo iwájú ilé rẹ̀, kí ó sì sinmi. Mo ta ko èrò yìí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Omi ni àwíjàre tí ó lágbára jù, òun ni n ó sì kọ́kọ́ dáhùn. Òtítọ́ ni pé láti oṣù kẹfà dé oṣù kẹsàn-án ni òjò ń rọ̀ dáadáa níhìn-ín, àti pé nínú ooru oṣù kẹrin, omi ẹ̀rọ a máa dá. Ṣùgbọ́n nílẹ̀ Yatenga ní àríwá orílẹ̀-èdè yìí, tí ó tún gbẹ ju ọ̀dọ̀ wa lọ, Yacouba Sawadogo, àgbẹ̀ tí ó gba ẹ̀bùn Right Livelihood ní ọdún 2018, fi ọkọ́, ìgbẹ́ ẹran àti sùúrù sọ ilẹ̀ líle di igbó. Zaï ni wọ́n ń pe ọgbọ́n náà: nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, a ó gbẹ́ kòtò kéékèèké, a ó da ìgbẹ́ ẹran àti ewé gbígbẹ sí i, ikán yóò wá lu ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní ihò, nígbà tí àkọ́rọ̀ òjò bá sì dé, ibẹ̀ ni omi yóò dúró sí dípò kí ó ṣàn lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, omi tí a fi ṣan ẹ̀fọ́ àti ìrẹsì, pẹ̀lú pòròpórò ọkà tí a tẹ́ sídìí irúgbìn, yóò gbé e dé ìgbà ọyẹ́. Ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.

Sìmẹ́ǹtì ńkọ́? Ìlú yìí kò gbàgbé ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ọdún 2009, nígbà tí òjò mìlímítà 263 rọ̀ ní ọjọ́ kan ṣoṣo tí ọ̀pọ̀ ènìyàn sì di aláìnílé. Sìmẹ́ǹtì kì í mu omi. Ilé aládùúgbò ni ó ń lé e lọ, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá sì dé, a máa fi ooru ọ̀sán pamọ́ di òru.

Ní ti ejò, eku ni ó ń wá, eku sì fẹ́ràn àkìtàn àti òkìtì búlọ́ọ̀kù ju ibi tí ọwọ́ onílé ń dé lójoojúmọ́ lọ; bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ̀ ọ́. Ní ti ẹ̀fọn, èyí tí ó tan ibà dengue ká ìlú lọ́dún 2023, inú táyà, garawa àti àmù tí a kò dé ni ó ń yé ẹyin sí. Kí a da omi ibẹ̀ nù, kí a má dá òdòdó lẹ́bi.

Ní ti òyìnbó olówó, ọ̀dọ̀ àwọn ará oko ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni irú ọgbà yìí ti gbajúmọ̀, àwọn tí ń gbin ẹ̀fọ́, egbòogi àti òdòdó pọ̀ síwájú ahéré wọn. Kí ni àjèjì nínú èyí lójú ẹni tí ìyá rẹ̀ gbin ẹfinrin sẹ́bàá ilé?

Bí a ó ṣe ṣe é nìyí: kí ọ̀nà láti ẹnu géètì dé ìloro gba ènìyàn méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí a fi lápálápá, tí ewúrẹ́ kì í jẹ, ṣe ọgbà yí i ká, kí dóńgóyárò kan dúró níhà ìwọ̀-oòrùn, kí òjìji rẹ̀ lè bo àga àlejò nírọ̀lẹ́, kí ìṣápá pupa tí wọ́n fi ń ṣe bissap, ṣọkọyòkòtò, ẹfinrin àti koríko ọba tò lọ lẹ́bàá ọ̀nà, kí bougainvillea sì gun ògiri. Àwọn Mossi tí a bá nílé a máa gbé omi tàbí zoom-koom, omi tí a pò mọ́ ìyẹ̀fun ọkà, fún àlejò kí wọ́n tó bi í léèrè ohun tí ó bá wá. Ibi tí àlejò yóò gbé jókòó mu ún ni mo ń jà fún.

Ẹni tí ó bá gbà, kí ó gbẹ́ kòtò rẹ̀ kí oṣù karùn-ún tó parí. Ẹni tí kò bá gbà, kí ó fi iwájú ilé rẹ̀ wé ti aládùúgbò tí ó gbìn nígbà tí oṣù kẹsàn-án bá dé, kí ojú ara rẹ̀ sì dá ẹjọ́ náà.