TA NI YÓÒ ṢE ONÍDÙÚRÓ FÚN ẸNI TÓ TI Ẹ̀WỌ̀N DÉ?

Bí ẹnì kan bá fi aṣọ péńpé roko ọba tán ní ọgbà ẹ̀wọ̀n Adó-Èkìtì, tí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún un láàárọ̀, kò ní pẹ́ tó fi máa dé Ìjàn, nítorí ọ̀nà náà kò jìn. Ìyá rẹ̀ á sunkún, á gún iyán. Àwọn aládùúgbò á ya wọlé wá kí i pé, "O kú àbọ̀ o, Ọlọ́run má jẹ́ ká tún rírú ẹ̀ mọ́." Ọjọ́ kìíní nìyẹn. Tó bá di ọjọ́ kẹta, àwọn tó wá kí i náà á ti máa ka adìẹ wọn lálaalẹ́.

Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀wọ̀n ẹlẹ́ẹ̀kejì ti ń bẹ̀rẹ̀. Ebi kì í wọnú kọ́rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, ẹni tí kò sì rí iṣẹ́ ṣe láàárín oṣù mélòó kan tó dé, kò sí ìwàásù tó lè wọ̀ ọ́ létí. Ní Amẹ́ríkà, ìjọba tọpa àwọn tí wọ́n dá sílẹ̀ lẹ́wọ̀n lọ́dún 2005 ní ìpínlẹ̀ 30. Kó tó pé ọdún 3, nínú 100 wọn, bíi 68 ni ọlọ́pàá ti tún mú. Ní ìlú Milwaukee lọ́hùn-ún, obìnrin onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Devah Pager rán àwọn ọ̀dọ́kùnrin jáde pé kí wọ́n lọ máa wáṣẹ́, ó ní kí àwọn kan sọ pé àwọn ti ṣẹ̀wọ̀n rí. Èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2003. Nínú 100 ìgbà tí òyìnbó tí kò ṣẹ̀wọ̀n tọrọ iṣẹ́, ìgbà 34 ni wọ́n pè é padà; èyí tó ní òun ti ṣẹ̀wọ̀n, ìgbà 17. Aláwọ̀ dúdú tí kò ṣẹ̀wọ̀n, 14. Èyí tó ní òun ti ṣe é, 5 péré. Ẹ tún un kà dáadáa: òyìnbó tó ti ẹ̀wọ̀n dé ríṣẹ́ ju dúdú tí kò débẹ̀ rí lọ!

Ṣùgbọ́n ìyẹn jẹ́ ti ibi tí wọ́n ti ń kọ fọ́ọ̀mù. Ta ló ń kọ fọ́ọ̀mù kó tó ṣe bíríkìlà ní Ìkéré, tàbí kó tó ṣe mẹkáníìkì ní Emùré? Ní tiwa, ẹnu la fi ń wáṣẹ́, ẹni tó bá sì mú ni wọlé ni ìwé-ẹ̀rí wa.

Lóṣù kẹjọ ọdún 2019, Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí òfin tó sọ iléeṣẹ́ ẹ̀wọ̀n di iléeṣẹ́ àtúnṣe ìwà. Òfin náà ní ẹlẹ́wọ̀n tó bá hùwà rere, tó sì kọ́ṣẹ́ tàbí kàwé débi ìdánwò, kí wọ́n fún un ní ìwé-ẹ̀rí ìwà rere lọ́jọ́ tó bá ń lọ sílé, àti pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ tìtorí ẹ̀wọ̀n tó ṣe dẹ́yẹ sí ẹni tó ní ìwé náà. Òfin tó dáa ni. Ẹ wá jẹ́ kí ọmọkùnrin kan tó kọ́ iṣẹ́ aṣọ rírán lọ́gbà ẹ̀wọ̀n gbé ìwé náà lọ bá ọ̀gá télọ̀ kan ní Ìṣẹ́.

"Ta lọ̀gá ẹ?"

"Inú ẹ̀wọ̀n ni mo ti kọ́ ọ, sà. Ìwé-ẹ̀rí mi rèé, sà."

"Mo ti rí ìwé. Mo ní ta lọ̀gá ẹ? Níbo lo ti ṣe fírídọ̀ọ̀mù?"

Ọ̀rọ̀ bùṣe. Kì í sì í ṣe pé ọ̀gá náà burú. Gbogbo wa la mọ bí ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ ṣe ń ṣe: ẹni tí kò gba fírídọ̀ọ̀mù lọ́wọ́ ọ̀gá kan, tí kò forúkọ sílẹ̀ lẹ́gbẹ́, tó ṣàdédé ṣí ṣọ́ọ̀bù, wọ́n lè wá tú orí máṣíìnì rẹ̀ gbé lọ. Ọ̀gá tó bá sì gba ọmọ síṣẹ́ fẹ́ mọ ilé ẹni tóun máa lọ bí léèsì oníbàárà bá poora. Òfin Àbújá lè ní kí wọ́n má dẹ́yẹ sí ọmọ náà. Kò lè ní kí wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù lé e lọ́wọ́.

Ti ẹni tí kò rí ìwé gbà rárá ńkọ́? Nínú ẹni 3 tó wà lẹ́wọ̀n ní Nàìjíríà, bíi 2 ni wọn ò tíì dá lẹ́jọ́. Èèyàn lè wà níbẹ̀ fún ọdún 2, kí adájọ́ wá ní kó máa lọ sílé, kò jẹ̀bi. Kò kọ́ṣẹ́, kò gba ìwé, ẹlẹ́wọ̀n sì lorúkọ tí àdúgbò ń pè é. Ní Èkìtì níbí, ó tún kú èyí tó kù. Láti 30 oṣù kọkànlá ọdún 2014, tí àwọn agbébọn já ọgbà ẹ̀wọ̀n Adó, tí ẹlẹ́wọ̀n tó lé ní 300 sá lọ, ẹni tó bá ti ibẹ̀ dé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi hàn pé wọ́n dá òun sílẹ̀ ni, òun ò fò fẹ́ǹsì.

Nígbà tó di oṣù kọkànlá ọdún 2023, ìjọba àpapọ̀ dá ẹni 4,068 sílẹ̀, àwọn tí kò rí owó ìtanràn san. Nǹkan bí 585 mílíọ̀nù náírà ni wọ́n san lórí gbogbo wọn. Ẹ pín in: kò tó 145,000 náírà lórí ẹnì kan. Ẹni tí irú owó yẹn sé mọ́lé, níbo ni yóò ti rówó ra máṣíìnì lọ́jọ́ tó bá jáde?

Àwọn kan á ní ṣebí ilẹ̀ wà, kó lọ dáko. Ó dáa. Bó bá jáde nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àgbàdo di ìgbà òjò nìyẹn. Ẹ̀gẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún kan. Kòkó? Ọdún 3 sí 5 kó tó so. Kí ni yóò máa jẹ kí wọ́n tó gbó? Lébìrà ló kù, ìyẹn náà sì fẹ́ ẹni tó máa sọ fún alábàá pé, "Mo mọ̀ ọ́n."

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ọdún 1974 ni wọ́n ti ní òfin pé lẹ́yìn ọdún mélòó kan tí ẹni tó ṣẹ̀ kò tún ṣẹ̀ mọ́, ọ̀pọ̀ ẹ̀ṣẹ̀ á di ohun àtẹ̀yìnwá. Tiwa náà wà, àfi pé àwọn olóṣèlú ló wà fún: ìwé òfin ọdún 1999 ní ẹni tí wọ́n dá lẹ́bi ìwà àìṣòótọ́, bó bá ti pé ọdún 10, ó tún lè díje dupò aṣòfin. Bíríkìlà kò ní ọjọ́ ìdáríjì tirẹ̀.

Lọ́dún 2023 kan náà ni wọ́n tún ìwé òfin ṣe, tí ìpínlẹ̀ náà fi lè ní ilé àtúnṣe tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ọmọ Ìjàn yìí ń wá kò gba ilé tuntun. Ìjọ tó ń gbé ìrẹsì lọ fún ẹlẹ́wọ̀n lọ́jọ́ Kérésìmesì, ṣé wọ́n lè jẹ́ kó wa bọ́ọ̀sì ìjọ? Ẹgbẹ́ télọ̀, ṣé wọn ò lè ní kó jókòó oṣù 6 sọ́dọ̀ ọ̀gá kan, kí wọ́n yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò, kí wọ́n ṣe fírídọ̀ọ̀mù fún un bíi ti ọmọ ẹlòmíì? Bí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ bá wọ agbádá, tó mú un lọ sí ṣọ́ọ̀bù fúnra rẹ̀, tó ní, "Bí aṣọ kan bá sọnù, ọ̀dọ̀ mi ni kẹ́ ẹ bọ̀," ọ̀gá yẹn á wojú bàbá, á wojú ọmọ, á ní kó wá lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Bọ́tìnnì ni wọ́n á kọ́kọ́ gbé fún un.