Ìwà Lẹ̀ṣọ́ Ọjọ́ Ìdààmú

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ìwà rere lẹ̀ṣọ́ ènìyàn. Ọ̀pọ̀ a máa rò pé ọjọ́ ayọ̀ ni ẹ̀ṣọ́ yìí wà fún. Bẹ́ẹ̀ kọ́, ọjọ́ ìdààmú la fi ń mọ ojúlówó yàtọ̀ sí ayédèrú.

Olóògbé Abraham Adésànyà, ọmọ bíbí Ìjẹ̀bú-Igbó tó jáde láyé ní ọdún 2008, jẹ́ ẹ̀rí. Nígbà tí ìjọba Abacha le koko, tí púpọ̀ nínú àwọn aṣáájú NADECO sá lọ sókè òkun, ilé ni amòfin yìí dúró sí. Kò sẹ́ni tó lè dá àwọn tó lọ lẹ́bi. Ní ọjọ́ 14, oṣù Ṣẹ́rẹ́, ọdún 1997, àwọn agbébọn da ìbọn bo ọkọ̀ rẹ̀ ní Èkó. Orí kó o yọ. Síbẹ̀, kò dákẹ́. Lẹ́yìn ikú Olóyè Adékúnlé Ajásin lọ́dún yẹn kan náà, òun ló di aṣíwájú Afẹ́nifẹ́re.

Kì í ṣe ìbọn ló sọ ọ́ di akíkanjú. Ìwà tó ti wà nílẹ̀ ni ìbọn fi han aráyé. Àwọn ìfàsẹ́yìn kéékèèké ló ń mọ irú ìwà bẹ́ẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ Agọ́-Ìwòyè tó fìdí rẹmi nínú ìdánwò, tó tún ìwé rẹ̀ kà dípò kó jí ìwé wò, ọjọ́ tó le jù bẹ́ẹ̀ lọ ló ń múra sílẹ̀ fún. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn là ń tún òrùlé ṣe. Ẹni tó bá dúró de òjò, òjò ni yóò pa á.