Kí Fídíò Fóònù Wa Tó Dé Ọwọ́ Ẹ́dítọ̀

Láti Kennington títí dé Peckham, agbára káká ni ọ̀sẹ̀ kan fi ń kọjá láìsí ìsọmọlórúkọ, ìgbéyàwó tàbí ìsìnkú láàárín wa. Nígbà kan rí, ọ̀gbẹ́ni oní-fídíò kan là ń háyà. Á gbé kámẹ́rà lé èjìká, iná rẹ̀ á máa ta wá lójú, bó bá sì pẹ́ títí, á fún wa ní káséètì. Lóde òní, èèyàn mẹ́wàá ló ń fi fóònù gba ayẹyẹ kan náà sílẹ̀. Lẹ́yìn náà la ó kó gbogbo rẹ̀ fún ẹ́dítọ̀, pé kó gbé e sínú Premiere Pro tàbí DaVinci Resolve, kó sì sọ ọ́ di ohun tó dùn ún wò.

Èrò tiwa lórí ojú ewé òwò yìí ni pé púpọ̀ nínú owó tí à ń san fún ẹ́dítọ̀ kò lọ sórí iṣẹ́ ẹ́dítọ̀ rárá. Orí àtúnṣe ohun tó ti bàjẹ́ kó tó dé ọwọ́ rẹ̀ ló ń lọ. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní £30 ló ń gbà ní wákàtí kan (àpẹẹrẹ lásán ni), tó sì fi wákàtí mẹ́jọ wá ohùn tó sá kúrò lẹ́nu, tó tún fi to fáìlì tí kò lórúkọ. £240 ti lọ, kò tíì gé nǹkan kan. Nígbà tí ìwé owó bá dé, ìjà dé nìyẹn. Ìdílé á ní àwọn kò rí ohun tí àwọn sanwó fún, ẹ́dítọ̀ á ní òun kò sùn. Lọ́pọ̀ ìgbà, àwọn méjèèjì ló jàre.

Kí ló ń lé ohùn kúrò lẹ́nu? Ìdáhùn rẹ̀ kò jìnnà sí wa. Ẹni tó bá mọ Kennington á mọ Cinema Museum, tó fìdí kalẹ̀ ní 1998 sí Dugard Way, nínú ilé tó jẹ́ ti Lambeth Workhouse, ilé àwọn aláìní ayé àtijọ́. Charlie Chaplin gbé ibẹ̀ rí nígbà tó wà lọ́mọdé, ní àwọn ọdún 1890. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sinimá ní 1914, ọwọ́ ni wọ́n fi ń yí kámẹ́rà. Bí ọwọ́ bá yára, àwòrán á pọ̀. Bó bá fà, àwòrán á dín. Kò pa ẹnikẹ́ni lára, nítorí sinimá ìgbà náà kò ní ohùn. Àfi ìgbà tí ohùn wọ̀ ọ́ ní ìparí àwọn ọdún 1920 ni wọ́n fi àwòrán 24 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣe òdiwọ̀n, torí ohùn kò gba ìyára òun ìfàsẹ́yìn.

Fóònù ọwọ́ wa ti dá wa padà sí ayé àfọwọ́yí yẹn. Bí ẹ bá ní kó ya àwòrán 30 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kì í ṣe 30 gan-an ló ń yà nígbà gbogbo. Bí wọ́n bá din iná kù kí tọkọtaya lè gé kéèkì, tàbí bí fóònù bá gbóná, á dín iye náà kù láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Fóònù mọ àkókò àwòrán kọ̀ọ̀kan, nítorí náà kò sí wàhálà lójú tirẹ̀. Kọ̀ǹpútà ẹ́dítọ̀ ni wàhálà bá, torí iye kan pàtó ló ń retí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Adobe ti fi àtúnṣe rẹ̀ sínú Premiere Pro láti 2018. Síbẹ̀, bí fídíò bá gùn, tí ohùn sì wá láti ibòmíràn, bíi láti orí ẹ̀rọ DJ, méjèèjì ṣì lè máa jìnnà síra díẹ̀díẹ̀. Ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, ẹ kò ní mọ̀. Tó bá fi di ogójì ìṣẹ́jú, ìyá àgbà ti pa ẹnu dé, oríkì tó ń kì ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn. Ìyá àgbà yẹn lè má sí láyé lọ́dún tó ń bọ̀, kò sì sẹ́ni tó lè ní kó wá kì í lẹ́ẹ̀kejì.

Ètò kan wà tó ń jẹ́ HandBrake, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ gbé fáìlì sínú rẹ̀, ẹ lọ sí abala Video, ẹ yan Constant Framerate, ẹ yan iye àwòrán tí ẹ fi gba fídíò náà, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ kó ṣiṣẹ́ mọ́jú. Ẹ̀dà ló máa ṣe fún yín. Ẹ má ṣe pa ojúlówó rẹ́ láé, torí gbogbo ìyípadà ló ń mú díẹ̀ kúrò lára àwòrán. Kí ẹ sì tó ṣe é, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹ́dítọ̀. Àwọn mìíràn fẹ́ ṣe é fúnra wọn.

Ṣùgbọ́n ohun tó dára jù ni kí a tún un ṣe kí àríyá tó bẹ̀rẹ̀. Iná Ìlú Ọba ń lọ, ó ń bọ̀ ní ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, bẹ́ẹ̀ náà ni ti Nàìjíríà; ti Amẹ́ríkà ni 60. Iye 30 tó ń bá ọ̀pọ̀ fóònù wá, iná Amẹ́ríkà ló bá mu. Nínú àwọn gbọ̀ngàn wa tí iná wọn ti pẹ́, àwòrán á máa ṣẹ́jú, ìlà dúdú á máa gba ojú èèyàn kọjá, kì í sì í rọrùn láti mú un kúrò lẹ́yìn náà. Lórí iPhone, ẹ lọ sí Settings, Camera, Record Video, ẹ tan Show PAL Formats, ẹ yan 25. Bí fóònù Android yín kò bá ní 25, ẹ wò ó bóyá yóò gba Blackmagic Camera, ètò ọ̀fẹ́ tó dé orí Android ní 2024, tó ń jẹ́ kí èèyàn yan iye àwòrán fúnra rẹ̀. Gbogbo fóònù tó bá máa ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà, kí wọ́n wà lórí iye kan náà.

Láti iPhone 12 ti 2020 ni HDR ti wọ inú fídíò fóònù náà. Ó dára lójú fóònù, ṣùgbọ́n léèsì funfun lè dé orí kọ̀ǹpútà ẹ́dítọ̀ bí ohun tí iná jó, iṣẹ́ ọnà ara rẹ̀ kò ní hàn mọ́. Ẹni tó mọ iye tí léèsì wọ́n á mọ ohun tí à ń wí. Bí ẹ́dítọ̀ kò bá béèrè HDR, ẹ pa á.

Ibi tí ìfiṣòfò ti pọ̀ jù ni WhatsApp. WhatsApp máa ń fún fídíò pọ̀ kó lè rìn kíákíá, òjìji fídíò yín ló sì ń dé ọ̀dọ̀ ẹ́dítọ̀. Bó bá di dandan, ẹ fi í ránṣẹ́ bíi Document, níwọ̀n ìgbà tí fáìlì kò bá ju 2GB lọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí fáìlì ṣe tóbi tó. Apple kọ ọ́ sínú iPhone pé ìṣẹ́jú kan ní 1080p pẹ̀lú àwòrán 30 ń gba nǹkan bíi 60MB. Ní 4K, 170MB ni. Ayẹyẹ wákàtí mẹ́ta jẹ́ ìṣẹ́jú 180. Ìyẹn 10.8GB ní 1080p, tàbí 30.6GB ní 4K, lórí fóònù kan ṣoṣo. Ẹ ra háàdì dísìkì. Ọ̀pọ̀ aṣọ ẹbí tí à ń rà ju owó rẹ̀ lọ. Ẹ ra méjì, kí ọ̀kan wà nílé ẹlòmíràn. Fóònù tí Optimise Storage wà lórí rẹ̀, ẹ̀dà kékeré ló lè wà nínú rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ gba ojúlówó sílẹ̀ láti iCloud.

Ẹ dá fódà sílẹ̀ fún fóònù kọ̀ọ̀kan, kí ẹ kọ orúkọ ẹni tó ni ín sí i. Fóònù Àǹtí kan àti ti Bùrọ̀dá kan lè ní IMG_0412 pa pọ̀. Bí ẹ bá da wọ́n pọ̀ sójú kan, ọ̀kan lè pa èkejì rẹ́. Kí MC pàtẹ́wọ́ kan ṣoṣo níwájú gbogbo fóònù ní ìbẹ̀rẹ̀ ètò. Pàtẹ́wọ́ yẹn ni ẹ́dítọ̀ yóò fi so gbogbo wọn pọ̀.

Àwọn kan á ní ká kúkú ra kámẹ́rà ńlá. A kò gbà. Àwọn ọmọ tí wọ́n ń pè ní Ikorodu Bois, ní Ìkòròdú, fi fóònù àti ohun èlò inú ilé ṣe àfarawé ìpolówó sinimá Extraction ní 2020, Netflix sì fi ohun èlò ránṣẹ́ sí wọn lọ́dún kan náà. Sean Baker fi iPhone 5s ya Tangerine, tó jáde ní 2015. Fóònù tó wà lápò wa tó iṣẹ́ ṣe.

Àbá wa ni pé kí ẹgbẹ́ yan ọ̀dọ́ kan fún ayẹyẹ kọ̀ọ̀kan, kó ṣètò fóònù kí ètò tó bẹ̀rẹ̀, kó sì gba fáìlì lọ́wọ́ gbogbo èèyàn kí wọ́n tó wọ bọ́ọ̀sì 36 lọ sílé. Kí a sanwó fún un, kì í ṣe àdúrà nìkan. Kí òun náà kọ gbogbo owó tó wọlé sílẹ̀. Láti April 2017, HMRC kò gba owó orí lórí £1,000 àkọ́kọ́ tí èèyàn bá pa nídìí òwò lọ́dún owó orí kan. Owó tó wọlé ni wọ́n ń kà o, kì í ṣe èrè. Bó bá ti ju bẹ́ẹ̀ lọ, kó lọ forúkọ sílẹ̀.