Iṣẹ́ tí a tún yà kì í ṣe iṣẹ́ tó bàjẹ́

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwa olùkọ́ fẹ́ bá yín sọ.

Ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé tí wọ́n ti ń fi Faransé kọ́ni, bí ọmọ márùn-ún bá jọ ṣe ẹ̀rọ kan, ohun tí wọ́n bá gbé wá lọ́jọ́ ìkẹyìn nìkan ni wọ́n máa ń fún ní àmì lórí 20. Bí ẹ̀rọ bá ti ṣiṣẹ́, ó parí. Ọmọ tó bá ní kí wọ́n tú u, kí wọ́n tún un ṣe, á di ọ̀tá ẹgbẹ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan kọ èrò rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn tí òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ẹ̀rọ tí ń rin gbágùúdá. Ẹ̀rọ náà ń rin ín dáadáa. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìyá kan tó ń yan gààrí wá dán an wò, ẹnu ẹ̀rọ ga ju èjìká rẹ̀ lọ, ọwọ́ ló sì fi ń ti gbágùúdá wọlé. Irin lásán ni wọ́n fi ṣe inú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ omi gbágùúdá máa ń jẹ irin lásán, ìpẹtà á sì bọ́ sínú gààrí. Ọmọ náà ní kí wọ́n gé ẹsẹ̀ ẹ̀rọ kúrú, kí wọ́n fi igi ṣe ohun tí wọn yóò máa fi tì í, kí wọ́n sì wá irin tí kì í dípẹtà. Àwọn yòókù fárígá: "A ti jó o pọ̀ tán!" Gbólóhùn kan nínú ìwé rẹ̀ ló wọ̀ wá lọ́kàn jù: ajórin ni wọ́n kọ́kọ́ lọ bá, wọn ò bi ẹni tí yóò lò ó léèrè.

Ẹ má pè é ní ọ̀rọ̀ ọmọdé. Ẹ rántí PlayPump, ẹ̀rọ omi tó wá láti Gúúsù Áfíríkà: àwọn ọmọdé á máa yí i bí eré, omi á máa gòkè sínú táńkì. Lọ́dún 2006, wọ́n kéde mílíọ̀nù 16.4 dọ́là fún un ní Amẹ́ríkà. Nígbà tó dé àwọn abúlé kan, eré ọmọdé kò tó láti fa omi. Àwọn ìyá ló wá ń yí i, bẹ́ẹ̀ pọ́ǹpù àfọwọ́fà ìbá rọ̀ wọ́n lọ́rùn jù. Kì í ṣe owó ló wọ́n wọn, ìbéèrè ni wọn ò bi tó.

Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Ohun mẹ́ta là ń bẹ̀bẹ̀ fún. Kí ẹgbẹ́ lọ bá ẹni tí yóò lo ẹ̀rọ kí wọ́n tó yà á. Kí ilé-ìwé fi ọ̀sẹ̀ méjì sílẹ̀ fún àtúnṣe. Kí wọ́n sì ya àmì 8 sọ́tọ̀ nínú 20 fún ìwé tí ọmọ kọ̀ọ̀kan kọ ohun tó yí padà àti ìdí rẹ̀ sí.

Àwọn kan á ní irin wọ́n. Òótọ́ ni. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ fi páálí tàbí igi ṣe é, kí wọ́n tó ra irin.

Ìyá tó ń yan gààrí kò ní bèèrè iye tí ọmọ gbà lórí 20. Ìka ọwọ́ ara rẹ̀ ló ń ṣọ́. Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ajórin, ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ wa, kí lẹ rí sí i?