Ẹní Ọdún 38

Ìhìnrere Jòhánù, orí karùn-ún, sọ nípa ọkùnrin kan tó ti ń ṣàìsàn fún ọdún 38, tó dùbúlẹ̀ lẹ́bàá adágún Bẹtẹ́sídà ní Jerúsálẹ́mù, tó ń retí ìgbà tí omi yóò rú. Jésù bi í bóyá ó fẹ́ kí ara rẹ̀ dá. Kò dáhùn bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Àwáwí ló ṣe: kò sí ẹni tí yóò gbé òun sínú omi.

Lójú tèmi, adágún yẹn wà nínú ọkàn wa. Ẹnìkan di ọmọ ìyá rẹ̀ sínú fún 20 ọdún nítorí ilẹ̀ ogún. Ó ń ti orí òkè àdúrà kan bọ́ sí òmíràn, ó ń wá wòlíì tí yóò fún un ní ìfọ̀kànbalẹ̀.

Ẹ kíyè sí i pé Jésù kò gbé ọkùnrin náà dé inú omi rárá. Ó ní kó dìde, kó gbé ẹní rẹ̀, kó máa rìn. Ẹní tó ti ń gbé e láti ọjọ́ yìí wá di ohun tí òun fúnra rẹ̀ ń gbé.

N kò dá aláìsàn lẹ́bi, n kò sì ní kó má wá ìwòsàn. Ọ̀rọ̀ ọkàn ni mò ń sọ. Ẹni tó sùn là ń jí, a kì í jí apirọrọ. Kí oníkálukú bi ara rẹ̀: ṣé mo fẹ́ dìde lóòótọ́, àbí ẹní yìí ti mọ́ mi lára?